Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Létí Ìyálé

Ní ilé alágbàfọ̀ yìí, ooru ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò kí onílé tó kí i. Bí o bá ṣílẹ̀kùn báyìí, ooru omi gbígbóná á rọra bò ọ́ lójú, òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ á gbà ọ́ mọ́ra. Àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun tí wọ́n so rọ̀ láti ògiri dé ògiri á máa mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń mí. Àárín wọn ni wàá ti gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ máa bọ̀ tààrà, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ."

Obìnrin náà ti pé ọgọ́ta ọdún. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìnagijẹ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ àbísọ rẹ̀ pè é, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà nígbà yẹn, fà á lọ́wọ́ wọnú yàrá yìí kan náà, tó gbé e dúró síwájú tábìlì gígùn, tó sì ní, "Aṣọ tó bá hunjọ, má bá a jà. Fún un ní ooru, fún un láyè, òun fúnra rẹ̀ á nà." Láti ọjọ́ náà, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di èyí tí ooru kì í dẹ́rù bà mọ́. Ó lè fi ìka kan ìdí áyọ́ọ̀nù fìrí, kó sọ fún ọ bóyá aṣọ òwú ló tọ́ sí tàbí sílíìkì.

Ohun kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ ni pé obìnrin yìí máa ń lálàá lójú ṣíṣí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ síwá sẹ́yìn lórí aṣọ, ọkàn rẹ̀ á ti bá tirẹ̀ lọ. Á máa rí etí odò kan tó ti sá aṣọ nígbà èwe, á máa rí ilé ńlá tí kò ní ògiri, aṣọ nìkan. Bí áyọ́ọ̀nù bá sì dé ìpẹ̀kun tábìlì, á padà sáyé, á ká aṣọ náà sí mẹ́rin, á mú òmíràn.

Kò tètè lọ́kọ. Ó ti pé méjìléláàádọ́ta kí ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀wù méjì wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, odò àti òkè, ni ọkùnrin náà fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Alágbàfọ̀ kíyè sí i pé àwọn ẹ̀wù náà kò dọ̀tí. Ó wò wọ́n síwá sẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀wù yìí mọ́ o. Ṣe lẹ fọwọ́ ara yín hun ún jọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé." Tíṣà kò jiyàn. Ó ní, "Kí ni mo wá máa gbé wá?" Oṣù kẹta lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣègbéyàwó, Tíṣà kó àpótí ìwé mẹ́fà wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ ẹnì kan ti wà nílé kó tó dé. Ológbò aláwọ̀ eérú kan tí àyà rẹ̀ funfun bí aṣọ ìjẹun tí wọ́n so mọ́ ọmọdé lọ́rùn ti wọlé ní ọjọ́ òjò kan, ó ti dùbúlẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ gbígbóná, ó sì ti pinnu pé òun ti dé ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ jí nílé náà, òun ni ọkùnrin náà bá lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyálé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo gbé yín níyàwó ni?"

"Ta ló kó ẹrù wá bá ta nílé?" ni Tíṣà dá a lóhùn. Bí ológbò ṣe di Ìyálé nìyẹn.

Ọdún mẹ́jọ kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dùn. Nígbà tó wá di àsìkò kan tí oòrùn mú gan-an, omi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ nínú àwo Ìyálé. Àwo tó máa ń tó o di ọjọ́ kejì kì í pé ọ̀sán mọ́. Ó ń lá omi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń mu omi inú bẹ́síìnì aṣọ, ó ń jẹun ju tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó tọ̀ sórí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ká tán. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Alágbàfọ̀ tú aṣọ náà sílẹ̀, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun á fọ̀ ọ́ bí òun bá parí èyí tó wà lọ́wọ́.

Nígbà tó padà síbẹ̀, èèrà ti tò lọ tò bọ̀ lórí aṣọ funfun náà, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìlà tí èèyàn fi pẹ́ńsùlù fà. Ó dúró. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó ti rí èèrà báyìí rí, lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, ní ọdún tí àbúrò ìyá náà ń rù tó sì ń rẹ́rìn-ín pé ara òun ń fúyẹ́ ni. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń wọn ohunkóhun nílé. Ìgbà tí ìyá náà bá ṣubú ni wọ́n tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìgbà tó ṣubú kẹ́yìn, kò bá wọn padà.

"Tíṣà," ni Alágbàfọ̀ pè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ wá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe Ìyálé."

Dókítà ẹranko tí wọ́n gbé e lọ bá kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọbìnrin tínínrín kan tó máa ń kúnlẹ̀ kí wọn kó tó fọwọ́ kan ẹran wọn. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ológbò náà, ó ní òótọ́ ni, àtọ̀gbẹ ni. Irínwó ó lé ogún ni ṣúgà rẹ̀. Ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní awọ ẹ̀yìn ọrùn, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Alágbàfọ̀ mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí kéèyàn gbé ìṣẹ́po aṣọ sókè kó fi píìnì sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń gbé Ìyálé padà lọ fún àyẹ̀wò. Inú báàgì ni yóò ti máa ké bọ̀ láti ilé. Bí wọ́n bá dé yàrá ìdúró, tí àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí gbó, á há sí igun báàgì, ojú rẹ̀ á di dúdú roboto. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irínwó. Wọ́n á fi ínsúlínì kún un. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, irínwó. Wọ́n á tún fi kún un. Láti orí ìlà kan lára abẹ́rẹ́, wọ́n dé orí ìlà mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́rú kan ló ṣẹlẹ̀. Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ tábìlì kan tó gùn bí ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ sì ti rin jìnnà, nígbà tó rí Ìyálé tó jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ́ ara wọn. Ó rìn bí ẹni tó mutí, ó forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àmọ́ kò wo ibì kankan. Alágbàfọ̀ rò fún ìṣẹ́jú kan pé àlá òun ni òun ṣì wà nínú rẹ̀. Òórùn aṣọ tó ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ló jí i.

"Tíṣà! Ìyálé ń lọ o!"

Tíṣà sáré jáde pẹ̀lú fóònù létí, ó ń pariwo sí dókítà bí ẹni tó ń bá odindi kíláàsì sọ̀rọ̀. Dókítà ní, "Ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀, sà! Ẹ má dà á sí i lọ́fun, ẹ rà á ni. Ẹ máa rà á lọ." Alágbàfọ̀ jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó gbé orí ológbò náà sí itan, ó ń ti ìka sínú ìgò oyin, ó ń fi ra èrìgì tútù náà, ó ń ki í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìyálé mi. Abàyàfunfun. Ẹni tí ò jẹ́ kí ọkọ mi rí ìrọ̀rí lò. Padà wá." Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Kò mọ̀. Oòrùn ti kúrò lára ògiri dé orí ilẹ̀ kí ahọ́n kékeré náà tó jáde, tó lá ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún lá a.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ó yẹ kí n ti rò ó. Ẹ̀rù ló ń gbé ṣúgà rẹ̀ sókè tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Irínwó tí à ń rí yẹn, kì í ṣe iye tó wà lára rẹ̀ nílé. Oògùn tí mo wá ń fi kún un ti pọ̀ jù."

"Kí la wá fẹ́ ṣe, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀n ọ́n. Níbí, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀."

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó tó àtàǹpàkò méjì, ìgò bébà pẹlẹbẹ tó ń fa ẹ̀jẹ̀, àti àwọn abẹ́rẹ́ kíún kíún. Etí ni wọ́n á gún, ní bèbè, lẹ́bàá iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i po. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó tó orí píìnì ti tó. Bébà á fà á, ẹ̀rọ á ka márùn-ún, iye á jáde. Ó ṣe é níṣojú wọn, ó sì rọrùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́wọ́ Alágbàfọ̀, kò rọrùn rárá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó gún etí náà, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó tún un gún, Ìyálé já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ jáde, àmọ́ ó tàn ká inú irun etí kí bébà tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Tíṣà di ológbò náà mú, ológbò sì fi èékánná kọ ìwé sí apá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyálé gbọ́ ìró ìgò bébà nìkan, ó ti sá. Alágbàfọ̀ jókòó sẹ́yìn aṣọ tó so rọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ kò ti lè rí i, ó sì sunkún. Kò dùn ún bí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó bí ojú tí ológbò náà fi ń wò ó nísinsìnyí.

Ọjọ́ karùn-ún, kò mú ẹ̀rọ náà rárá. Ó ń lọ àwọn háńkáṣíìfù, Ìyálé sì ti rọra padà sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Alágbàfọ̀ ká háńkáṣíìfù kan tó ṣì gbóná, ó wò ó, ó dán an wò lára ètè ara rẹ̀ kó lè mọ̀ pé kò ní jó ẹnikẹ́ni. Ó lọ jókòó ti ológbò náà, ó fi aṣọ gbígbóná náà bo etí rẹ̀. Ìyálé di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí hùn, ìhùn tí Alágbàfọ̀ kò gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ká aṣọ náà kúrò, etí ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, iṣan ti yọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn háńkáṣíìfù, ó fi ìpara díẹ̀ sí bèbè etí kí ẹ̀jẹ̀ má baà tàn, ó fi òwú sẹ́yìn rẹ̀, ó gún un. Ẹ̀kán kan yọ, roboto, pupa, ó dúró bí ìlẹ̀kẹ̀. Bébà fà á. Márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Igba ó dín mẹ́wàá.

"Tíṣà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, kó má baà jí ẹni tó ń sùn. "Igba ó dín mẹ́wàá."

"Kì í ṣe irínwó?"

"Kì í ṣe irínwó."

Láti ìgbà náà, àárọ̀ wọn ní ìrísí mìíràn. Kí omi aṣọ tó hó, kí oníbàárà kankan tó kanlẹ̀kùn, Alágbàfọ̀ á gbé Ìyálé lọ síbi fèrèsé, á fi ooru bo etí rẹ̀, á sì dúró. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú etí fẹ́lẹ́ náà kọjá. Ó dà bí odò tí èèyàn ń wò láti orí òkè gíga, iṣan ńlá kan tó pín sí kéékèèké títí ojú kò fi rí wọn mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka márùn-ún, ọkàn rẹ̀ á ti lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, ó lè dé etí odò èwe rẹ̀, kó rí aṣọ funfun lórí koríko, kó rí àbúrò ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ ba, tó ń fún aṣọ, apá rẹ̀ sanra, ara rẹ̀ le. Ìyá náà á gbójú sókè, á wò ó bí ẹni tó ń retí kó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Iye á wá jáde, Alágbàfọ̀ á padà.

Tíṣà ló ń kọ iye náà sílẹ̀. Kíkọ nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú bébà ńlá, ó fa ìlà sí i, ó ń to àmì kan tẹ̀lé òmíràn. Ní ọjọ́ tí dókítà ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì méjì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó gbé àga sẹ́bàá tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó wà lójú ọ̀nà. "À ń sọ̀kalẹ̀ báyìí o. Ọgọ́jọ. A ti dé àfonífojì. Ọgọ́fà. Ilẹ̀ tẹ́jú níbí, ó dára, èèyàn lè kọ́lé."

"Ẹ dákẹ́, ẹ máa jí i."

"Ìyálé kò sùn. Ó ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀ ni."

Dókítà wo bébà náà, ó dín oògùn kù sí ìlà kan. Oṣù méjì kọjá. Ara Ìyálé ń padà, irun rẹ̀ ń dán, omi inú àwo rẹ̀ tún ń di ọjọ́ kejì.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan tí kùrukùru bo gbogbo òpópónà, tó fi dà bí ẹni pé èémí inú ṣọ́ọ̀bù ti jáde lọ bo ayé. Ìyálé jẹun tán. Alágbàfọ̀ wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rin. Ó nu etí kejì, ó tún un wọ̀n. Ọgọ́rin ó lé méjì.

Tíṣà ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. "Ìlà kan, bí dókítà ṣe kọ ọ́."

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Tíṣà."

"Àmọ́ ó wà nínú ìwé. Ó ní a ò gbọdọ̀ fo oògùn."

"Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìwé náà kò sí níbí láàárọ̀ yìí. Etí yìí ló wà níbí." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, àmọ́ Tíṣà kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọgọ́rin ni kó tó gba oògùn. Bí mo bá gún un, orí sìmẹ́ńtì yẹn la tún máa bá a. Ẹ bá mi pe ọmọ yẹn."

Tíṣà wo abẹ́rẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Fóònù dún títí kò sí ẹni tó gbé e. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣé ó tọ̀nà? Bí ṣúgà bá fò sókè lọ́sàn-án ńkọ́? Ní wákàtí kejì, ó wọ̀n ọ́n: àádọ́rùn-ún. Ní ìkẹrin: ọgọ́rùn-ún géérégé. Ìyálé ń fi ọwọ́ gbá okùn áyọ́ọ̀nù kiri bí ọmọ ológbò.

Dókítà pè padà ní ọ̀sán. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìyá, ká ní ẹ gún un ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Ẹ ṣe é re. Ẹ má gún un lónìí. Ẹ máa wọ̀n ọ́n fún mi lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ fún àwọn ológbò kan, tí ara wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o, àìsàn náà sì lè padà. Ẹ má tíì yọ̀ jù."

Wọn kò yọ̀ jù. Wọ́n wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ kò kan ẹ̀yìn ọrùn Ìyálé mọ́. Dókítà mú bébà òkè àti àfonífojì Tíṣà lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìdúró rẹ̀.

Bébà yẹn ló mú kí onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà wá kanlẹ̀kùn wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan tí oòrùn ti rọ̀. Bàbá gíga kan ni, ó gbé ológbò pupa kan sínú àpò. Aya rẹ̀ ti kú, ológbò nìkan ló kù nílé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni.

"Dókítà ní kí n wá bá yín, Mà. Mo ti fi abẹ fá orí fún ogójì ọdún, n kò gé ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni mi ò lè rí."

Alágbàfọ̀ fún un ní àga. Kò mú ẹ̀rọ rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ológbò náà mọ ilé ná. Tíṣà po tíì. Ológbò pupa yọrí jáde nínú àpò, ó gbóòórùn ọṣẹ, ó yí yàrá po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀. Ìyálé wò ó láti ibi fèrèsé, ó yán, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Ìgbà wo la máa wá gún un?" ni bàbá náà béèrè.

"Ó di ọ̀la. Lónìí, kó kàn mọ̀ pé ọwọ́ wa kò burú."

Bàbá náà mi orí. Ó gbé ife tíì sẹ́nu, ó rí i pé ó ti tán. Ó fẹ́ dìde, ó wo ológbò tó ti sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tún jókòó padà. Tíṣà ti ń tòògbé. Aṣọ funfun ń mì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣí ẹsẹ̀.